Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ń pe ẹ̀rọ inú ara padà: ṣé wọ́n á tún la èèyàn ni?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò ìyá mi pè mí lórí fóònù. Wọn ò tiẹ̀ dúró kí n kí wọn tán. "Ìwọ tóo máa ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, jọ̀ọ́ bá mi wo nǹkan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi yìí. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ àyà mi ń pè é padà. Ṣé mo máa lọ yọ ọ́ fún wọn ni? Ṣé wọ́n tún máa la àyà mi?"

Mo ní kí wọ́n ka orúkọ ẹ̀rọ náà fún mi. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Káàdì tí ilé ìwòsàn fún wọn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ wà nínú báàgì kan tí wọn ò rántí mọ́. Mo ní kí wọ́n wá a, kí wọ́n sì fọkàn balẹ̀ ná, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá "pe" ẹ̀rọ inú ara padà, ẹ̀rọ náà kì í kúrò níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ yẹn yà wọ́n lẹ́nu. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bí ilé-iṣẹ́ mọ́tò bá pe mọ́tò padà, onímọ́tò á wà á lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ awọ èèyàn, tí ẹran ara ti hù yí ká, kì í ṣe ohun tí a ń dì sínú páálí fi ránṣẹ́. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ohun méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an?

Ohun tí oníṣẹ́ abẹ bá fi sínú ara, tó sì fi í síbẹ̀ lẹ́yìn tó ti rán ojú ọgbẹ́ pọ̀, ni mo máa pè ní ohun àfisára. Ó yàtọ̀ sí ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí àti ẹ̀mú tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Àwọn yẹn máa ń jáde. Wọ́n á fọ̀ wọ́n, wọ́n á fi ooru omi tó gbóná dé 121°C tàbí 134°C pa kòkòrò ara wọn, wọ́n á sì tún lò wọ́n. Bí ọ̀bẹ bá kú, wọ́n á mú òmíràn. Ohun àfisára kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀: ibi tí wọ́n bá fi í sí, ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, láìsí ẹni tó ń fi òróró sí i.

Oríṣiríṣi ló wà. Síkúrú àti irin pẹlẹbẹ wà tí wọ́n fi ń so eegun tó ṣẹ́ pọ̀. Oríkèé àtọwọ́dá wà fún ìbàdí àti orúnkún. Stent wà: ọ̀pá kékeré tó rí bí àwọ̀n, tó ń ti iṣan ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa padé. Ìlẹ̀kùn ọkàn àtọwọ́dá wà. Pésímékà náà wà, èyí tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ ta ọkàn jí nígbà tí ìlùkìkì rẹ̀ bá fẹ́ falẹ̀ jù. Òun ni àbúrò ìyá mi ní.

Pésímékà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sínú ara èèyàn pátápátá wọlé lọ́jọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 1958, ní ilé ìwòsàn Karolinska ní Sweden. Åke Senning ló ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ẹnjiníà Rune Elmqvist ló ṣe ẹ̀rọ náà, ó sì tóbi tó agolo pólíṣì bàtà. Wákàtí mélòó kan péré ló lò tó fi dákẹ́, ni wọ́n bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Arne Larsson, ọkùnrin tí wọ́n fi sí lára, lo pésímékà tó lé ní 20 láyé rẹ̀. Ọdún 2001 ló kú, lẹ́ni ọdún 86, àìsàn mìíràn tí kì í ṣe ti ọkàn ló sì pa á. Nígbà yẹn, oníṣẹ́ abẹ tó gbà á là àti ẹnjiníà tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Kí ni "pípè padà" túmọ̀ sí?

Ìkéde ni, pé wọ́n ti rí àléébù kan lára ọjà kan, ó sì yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. "Nǹkan" yẹn ló ń yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé kí ilé ìwòsàn kó èyí tó ṣì wà nínú páálí padà, kí wọ́n má fi sí ẹnikẹ́ni lára mọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n tún ìwé ìlànà rẹ̀ kọ ni. Ó lè jẹ́ pé kí aláìsàn máa wá fún àyẹ̀wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta dípò oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Yíyọ wà lára rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn pín ìpèpadà sí ìpele mẹ́ta. Ìpele 1 ni èyí tó lè pààyàn tàbí ṣe é léṣe gidigidi. Ìpele 3 ni èyí tí kò jọ pé yóò pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn akọ̀ròyìn fẹ́ràn ìpele 1 púpọ̀, ó sì máa ń dẹ́rù bani nínú àkọlé. Ṣùgbọ́n bí ewu náà ṣe wúwo tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ara èèyàn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2017. Wọ́n kéde ìpèpadà pésímékà ilé-iṣẹ́ Abbott tó tó 465,000 ní Amẹ́ríkà nìkan. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú, tó sì sún mọ́ aláìsàn dáadáa, lè gba orí ìgbì rédíò wọnú ẹ̀rọ náà, kó yí bó ṣe ń lù padà tàbí kó jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ tètè tán. Wọn ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn kankan. Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Aláìsàn á lọ sí ilé ìwòsàn, á jókòó. Wọ́n á gbé ohun pẹlẹbẹ kan tó so mọ́ kọ̀ǹpútà lé awọ àyà rẹ̀, níbi tí pésímékà wà. Ètò tuntun á máa wọlé. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi ń wọlé, ẹ̀rọ náà á máa lu ọkàn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínláàádọ́rin ní ìṣẹ́jú kan, láìyẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ dúró bó ṣe yẹ, aláìsàn á sì di bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀.

"Ìpèpadà" ni wọ́n pe ìyẹn náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju bí etí ṣe ń gbọ́ ọ lọ.

Kí ló ń ba irin jẹ́ nínú ara?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú ara jẹ́ ibi jẹ́jẹ́, ibi rírọ̀. Lójú irin, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi ara wa ní iyọ̀, bíi gíráàmù mẹ́sàn-án nínú lítà kan, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní 37°C láti ọdún dé ọdún. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí omi iyọ̀ ń ṣe fún ìṣó.

Ohun tó ń gba irin ìṣègùn là ni aṣọ tín-ín-rín kan tó wọ̀. Irin tí kì í dípẹtà ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní chromium. Bí afẹ́fẹ́ bá kan chromium, á di awọ tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú lásán kò lè rí i, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí ìpẹtà ráyè wọlé. Bí nǹkan bá ha á, á tún hù padà fúnra rẹ̀. Titanium, irin mìíràn, náà ní tirẹ̀, ó sì lágbára ju ti irin tí kì í dípẹtà lọ. Ìdí nìyẹn tí titanium fi gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ara.

Ẹni tó fi ohun mìíràn hàn wá nípa titanium kò wá a lọ. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Per-Ingvar Brånemark ní Sweden fi ohun kékeré kan tí wọ́n fi titanium ṣe sínú eegun ehoro, kó lè máa fi í wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Nígbà tó ṣe tán tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ. Eegun ti gbá a mú, wọ́n ti di ọ̀kan. Ẹlòmíràn á bínú pé irinṣẹ́ òun bàjẹ́. Lọ́dún 1965, Brånemark fi ọ̀nà yẹn gbin eyín fún èèyàn àkọ́kọ́.

Wàyí o, awọ tó ń tún ara rẹ̀ hù yẹn ní ọ̀tá kan: ibi tí irin méjì ti ń fara ha ara wọn. Bí wọ́n bá ń ha á lemọ́lemọ́, kò ní ráyè hù padà. Ibi tí omi iyọ̀ sì ti há sí láàárín irin méjì, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti tó, ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ohun àfisára kan bàjẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti so nǹkan méjì pọ̀ ni àwọn ẹnjiníà máa ń kọ́kọ́ wò.

Ṣé irin máa ń rẹ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ mú wáyà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ṣẹ́, ìgbà kẹwàá lè má ṣẹ́. Nígbà tó bá yá, á ṣẹ́ níbì kan, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fi agbára tó ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ tẹ̀ ẹ́. Ìlà kékeré kan ló bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Ọkàn èèyàn ń lù tó ẹgbẹ̀rún 100 lójúmọ́. Èyí ju mílíọ̀nù 36 lọ lọ́dún kan. Ohun tó wà nínú ọkàn tàbí nínú iṣan tó yí i ká á tẹ̀, á tún nà, ní gbogbo ìgbà yẹn. Kí wọ́n tó fi stent sí èèyàn lára, wọ́n á fi ẹ̀rọ dán an wò tó mílíọ̀nù 400 ìgbà, èyí tó jọ ọdún mẹ́wàá ìlùkìkì. Wọn kì í dúró de ọdún mẹ́wàá, ẹ̀rọ ìdánwò náà máa ń sáré ju ọkàn lọ.

Ìtàn tí mo máa ń rántí níbí ni ti ìlẹ̀kùn ọkàn Björk-Shiley. Ó jọ òrùka kan tó ní àwo pẹlẹbẹ láàárín. Àwo náà ń ṣí, ó ń tì, apá wáyà méjì sì dì í mú kó má bàa jáde. Apá kan jẹ́ ara òrùka náà fúnra rẹ̀, wọ́n jó ìkejì mọ́ ọn ni, bí àwọn wẹ́dà ṣe ń jó irin mọ́ra. Nínú irú kan tí wọ́n ṣe tó tó 86,000, ojú ibi tí wọ́n jó yẹn ló ń ṣẹ́ lára àwọn kan. Bí apá yẹn bá ṣẹ́, àwo á já bọ́, ìlẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní mọ apá ibi tó yẹ kó lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ló kú. Wọ́n kó ọjà náà kúrò lórí àtẹ lọ́dún 1986.

Ẹ wá wo ìṣirò tó wà níwájú àwọn dókítà. Èyí tó ṣẹ́ lé ní 600. Nínú 86,000, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n àtila àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kí wọ́n yọ ìlẹ̀kùn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí wọ́n rán òmíràn síbẹ̀, ìyẹn náà ń pààyàn. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, iṣẹ́ abẹ kejì léwu ju ìlẹ̀kùn tó lè ṣẹ́ lọ. Torí náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya aláìsàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọjọ́ orí rẹ̀, bí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣe tóbi tó, ibi tó wà nínú ọkàn. Àwọn tí ewu tiwọn pọ̀ ni wọ́n yọ ọ́ fún. Àwọn yòókù ń gbé ayé wọn lọ, pẹ̀lú ìmọ̀ tó wúwo láti gbé. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó rọrùn.

Ìyẹ̀fun tí ojú ò rí

Kì í ṣe gbogbo ohun àfisára ló ń ṣẹ́. Òmíràn ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀rọ̀ oríkèé ìbàdí nìyí, mo sì fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

John Charnley, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Wrightington ní England, wá ohun tí yóò yọ̀ dáadáa láti fi ṣe inú oríkèé ìbàdí. Ó mú Teflon, ohun dídán tí wọ́n ń fi tẹ́ inú páànù ìdáná. Àwọn aláìsàn bíi 300 gbà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láìsí ìrora, inú gbogbo èèyàn dùn. Láàárín ọdún mélòó kan, Teflon náà ti jẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì bá ara jà débi pé eegun tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Charnley fúnra rẹ̀ ló tún iṣẹ́ abẹ náà ṣe fún wọn. Nígbà tó yá, ó fi ohun náà sínú ẹran itan ara rẹ̀ láti mọ ohun tí yóò ṣe.

Lọ́dún 1962, ọlọ́jà kan mú ike líle funfun kan wá síbẹ̀. Charnley fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ní kò lè wúlò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Harry Craven, òṣìṣẹ́ yàrá ìdánwò rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi ike náà sórí ẹ̀rọ tó ń fi irin ha nǹkan. Ó fi í sílẹ̀ tọ̀sán tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ dé, ó pè é wá wò ó: ohun tó jẹ lára ike náà kò tó èyí tó máa ń jẹ lára Teflon lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ń fi í sí aláìsàn lára. Ìran ike yẹn náà ló ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ oríkèé àtọwọ́dá lónìí.

Àwọn kan tún gbìyànjú irin lórí irin lẹ́yìn náà, pé irin kò ní jẹ bí ike. Irú kan tí wọ́n ń pè ní ASR wọ ara àwọn èèyàn tó tó 93,000 kí ilé-iṣẹ́ DePuy tó pè é padà lóṣù kẹjọ ọdún 2010. Ife rẹ̀, ibi tí orí eegun irin náà ti ń yí, kò jìn tó, torí náà orí eegun irin náà ń gun etí ife, ó sì ń ha á. Ìyẹ̀fun cobalt àti chromium, àwọn èròjà irin náà, ń jáde, wọ́n ń ba ẹran tó yí oríkèé ká jẹ́, wọ́n sì ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Níbí, yíyọ pọ̀ gan-an. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn aláìsàn ṣe ni kí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n ya àwòrán ìbàdí wọn. Ẹni tí kò ní ìrora, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, tí àwòrán rẹ̀ sì dára, àyẹ̀wò ni wọ́n fi ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ṣé wọn ò mọ̀ kí wọ́n tó tà á ni?

Ìbéèrè tó ń bí mi nínú jù nìyí, torí ìdáhùn rẹ̀ ní apá méjì.

Apá kan kò ní ẹ̀bi. Ẹ̀rọ ìdánwò kì í tiro, kì í ṣubú, kì í sanra, kì í gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn. Bí àléébù kan bá sì ń ṣe ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún, tí ẹ bá dán an wò lára 300 èèyàn, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má rí i rárá.

Apá kejì ní ẹ̀bi díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan láti ọdún 1976 gbà pé bí ohun tuntun bá jọ ohun tó ti wà lórí àtẹ tẹ́lẹ̀ dáadáa, ilé-iṣẹ́ lè tà á láìkọ́kọ́ dán an wò lára aláìsàn. Ó jọ pé a gba àbúrò síṣẹ́ torí pé a mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni oríkèé ASR náà gbà wọlé. Fún irinṣẹ́ tí ewu rẹ̀ kéré, ó bọ́gbọ́n mu. Fún ohun tó máa wà nínú ìbàdí èèyàn fún 20 ọdún, lójú tèmi, kò tó.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n tètè rí àléébù ASR ni ìwé àkọsílẹ̀. Sweden ti ń kọ gbogbo oríkèé ìbàdí tí wọ́n bá fi sí èèyàn lára sílẹ̀ látọdún 1979: irú rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe. Australia náà ní tirẹ̀. Nínú ìwé Australia ni wọ́n ti rí i pé ASR ń padà wá sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ti kúrò lórí àtẹ níbẹ̀ lọ́dún 2009, ṣáájú ìpèpadà gbogbo ayé.

Kí ni kí ẹni tó ní in lára ṣe?

Káàdì. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan sínú rẹ̀ yẹ kó gba káàdì tí orúkọ ẹ̀rọ, irú rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ló sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀ ohun àfisára. Ìpèpadà kì í sábà kan gbogbo ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ṣe. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láàárín oṣù kan sí òmíràn nìkan, nọ́ńbà yẹn ló sì máa sọ bóyá tèèyàn wà nínú rẹ̀. Dókítà tó fi í síbẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn tó ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀, ni kéèyàn kọ́kọ́ bi, kó tó bi ẹni tó pín ìròyìn náà kiri. Ìbéèrè mẹ́ta péré tó: ṣé nọ́ńbà tèmi wà nínú rẹ̀, kí ni àléébù náà lè ṣe fún mi, kí sì ni kí n máa ṣọ́ lára mi? Kí èèyàn má sì wọ ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, láìsọ fún wọn pé òun ní irin nínú, ìpèpadà wà tàbí kò sí.

Ọjọ́ kejì ni àbúrò ìyá mi rí káàdì wọn, nínú ìwé àdúrà àtijọ́ kan. Wọ́n ka nọ́ńbà náà fún mi lẹ́yọ lẹ́yọ, a sì pe ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà wọn wà nínú rẹ̀. Bátìrì irú tiwọn lè tètè tán ju bí wọ́n ṣe rò lọ, nítorí náà ilé ìwòsàn fẹ́ máa rí wọn lóṣù mẹ́ta mẹ́ta dípò oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ó parí. Mo bá wọn lọ nígbà àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì gbé ohun pẹlẹbẹ yẹn lé wọn láyà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní bátìrì náà ṣì lè lò tó ọdún mẹ́rin.

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ń pè é padà," àbúrò ìyá mi wí, wọ́n ń di bọ́tìnì ẹ̀wù wọn, "èmi ni mo wá ń pààrà ọ̀dọ̀ yín."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọjọ́ tó kàn sẹ́yìn káàdì náà.